Ìsọ̀ Ìbọn Bàbá Mi ní Ọgbà Ìgbafẹ́

Bàbá mi ló fi ọwọ́ ara wọn kan ìsọ̀ ìbọn tó wà nínú ọgbà ìgbafẹ́ àtijọ́, létí ìlú Ọ̀wọ̀. Káfíńtà ni wọ́n. Bàbá àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ló ni ọgbà náà, òun ló sì ní kí bàbá mi ṣe jangirọ́fà méjì síbẹ̀ fún àwọn ọmọdé, kí wọ́n tún kan ìsọ̀ kan tí àwọn àgbà náà yóò ti máa ṣeré. Ọdún 1976 ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ìwé mẹ́fà nígbà náà. Wọ́n fi páànù bo ìsọ̀ náà, wọ́n gbé káńtà pákó síwájú, wọ́n sì to agolo mílíìkì sórí pẹpẹ mẹ́ta lẹ́yìn. Ìbọn afẹ́fẹ́ mẹ́ta ló wà níbẹ̀, irú èyí tí ọta rẹ̀ kò ju hóró ọkà bàbà lọ. Ẹni tó bá yìnbọn tí agolo márùn-ún ṣubú á gba ọṣẹ tàbí dígí tàbí ife.

Nígbà tí ara kò gba bàbá onílẹ̀ mọ́, ó fi ìsọ̀ náà sílẹ̀ fún bàbá mi. Ó ní, "Ìwọ lo kàn án. Máa jẹun níbẹ̀."

Ohun kan ṣoṣo ni bàbá mi fi ń yangàn: ìbọn wọn kì í purọ́. Wọ́n ti gbọ́ pé ní àwọn ìlú ńlá, àwọn tó ń ṣe irú òwò yìí a máa tẹ irin kékeré tó wà lẹ́nu ìbọn, èyí tí a fi ń wo ibi tí ọta yóò bá, kí oníbàárà lè máa tàsé. Bàbá mi kórìíra rẹ̀. Ní àràárọ̀, lẹ́yìn ìrun Àsùbá, wọ́n á yin ìbọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò, wọ́n á tún irin wọn ṣe títí yóò fi gún. "Ẹni tó bá tàsé níwájú mi," ni wọ́n máa ń wí, "ọwọ́ ara rẹ̀ ló tàsé."

Nígbà tó yá, ojú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì. Wọn kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ aránṣọ ni mò ń kọ́ láàárín ìlú, bí a bá sì ti ṣíwọ́, ọ̀dọ̀ wọn ni mo máa ń lọ. Èmi ni mo kọ́kọ́ rí i pé wọ́n ń fọwọ́ wá etí káńtà kí wọ́n tó gbé nǹkan lé e. Lẹ́yìn náà ni ìbọn bẹ̀rẹ̀ sí í purọ́. Lọ́jọ́ kan, òṣìṣẹ́ kan yìn ín léraléra, kò ba ẹyọ agolo kan. Ó gbé ìbọn náà kalẹ̀ gbàù.

"Bàbá, ẹ̀yin náà ti di gbájúẹ̀!"

 Lálẹ́, bàbá mi kò fọwọ́ kan oúnjẹ. Mo bá kúnlẹ̀, mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n máa bá yín yẹ àwọn ìbọn náà wò."

"Ta ni yóò fẹ́ obìnrin tó ń yìnbọn?"

"Ẹni tó bá máa fẹ́ mi á fẹ́ èmi àti ìbọn."

Wọ́n pòṣé. Mo gbọ́ ẹ̀rín ìyá mi láti inú yàrá.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ti dé ìsọ̀ kí wọ́n tó kúrò ní mọ́ṣáláṣí. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, páànù ni mò ń yìn, òjò sì gba ojú ihò tí ọta mi lu wọlé. Èjìká mi wú. Ìyá kan tó gbé agbọ̀n rẹ̀ bọ̀ láti Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀ dúró wò mí.

"Ọmọ yìí, ṣé ogun ti dé ni?"

"Rárá o, ìyá. Iṣẹ́ ni."

Mi ò yé lọ. Abẹ́rẹ́ ló wá là mí lóye. Bí mo bá fẹ́ fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́, mo máa ń sé èémí. Mo sé e bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan, mo fi ìka fa irin abẹ́ ìbọn, agolo ṣubú. Nígbà tí mo wẹ̀yìn, bàbá mi ló dúró lójú ọ̀nà.

"Ìwọ lo yìn ín?"

"Èmi ni, Bàbá."

Wọ́n jókòó sórí àpótí.  "Ọta rẹ̀ ń yà sọ́tùn-ún ni, àbí ó ń yà sósì?" Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń kọ́ mi.

Ọ̀sán ọdún Iléyá kan ni wàhálà dé. Èrò kún ọgbà. Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga wà níbẹ̀, ọ̀kan nínú wọn, ọmọ Ìbàdàn, tàsé títí ó fi bínú. "Ìbọn yìí wọ́! Jìbìtì lẹ ń lù." Ọdẹ àgbà kan láti Ìdóàní gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó yìn ín, òun náà tàsé. Ó mi orí. Bàbá mi dìde, mo di apá ẹ̀wù wọn mú.

Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ̀yin ni kí ẹ tọ́ka sí agolo. Bí mo bá tàsé, a ó ti ìsọ̀ yìí lónìí."

Ti àkọ́kọ́ bà á. Ti èkejì bà á. Ẹ̀kẹta, èyí tí wọ́n ń bínú sí, tàsé. Gbogbo èrò hó yèè.  Mo lè sọ pé ọwọ́ mi ló gbọ̀n, àmọ́ mo mọ̀ pé ọwọ́ mi kò gbọ̀n.

"Òótọ́ lẹ sọ," ni mo wí. "Ìbọn yìí wọ́. Ìgbòkègbodò ọdún ni kò jẹ́ kí n yẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀. Ẹ má bínú."

Mo mú irin tí a fi ń tún un ṣe. Bàbá mi fi àtàǹpàkò wá ẹnu ìbọn náà. "Díẹ̀ sí i," ni wọ́n ní. Mo yìn ín, ó tún tàsé, èrò rẹ́rìn-ín. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i. Lọ́tẹ̀ yìí agolo fò sókè kó tó ṣubú.

Ọdẹ náà ní, "Ẹni tó lè jẹ́wọ́ pé ìbọn òun wọ́, n ó máa bá a rà." Ọmọ Ìbàdàn náà nawọ́ gba ìbọn. Ṣùgbọ́n mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó agolo.

"Àǹtí, ẹ má tì í mọ́ o. Ó ti tán."

"Mo ti sọ̀rọ̀ níwájú gbogbo yín," ni mo dá a lóhùn. Mo ti ìsọ̀, lọ́jọ́ tí ọjà wa ìbá tà jù lọ. Bàbá mi kò bá mi wí. Nígbà tí a ń lọ sílé, wọ́n di èjìká mi mú, wọ́n ní, "Mú mi lọ sí ọsibítù lọ́la. Ojú yìí ti ń dà mí láàmú tipẹ́." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n sọ ọ́ jáde. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn, ojú kan sì là tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n tún lè dá ojú ẹni mọ̀. Ìbọn kò padà sọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní tèmi ni.

Ní 1983, lẹ́yìn ikú bàbá onílẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ fẹ́ kọ́lé síbẹ̀. Mo lọ bẹ èyí àkọ́bí nígbà méjì, kò gbà. Bàbá mi ní kí n fi í sílẹ̀, ilẹ̀ wọn ni.

Mo ní, "Ilẹ̀ ni tiwọn, Bàbá. Pákó kì í ṣe tiwọn."

Èmi àti bàbá mi la tú ìsọ̀ náà ní pákó kọ̀ọ̀kan, a kó o sọ́kọ̀, ó di Ìdóàní, níbi tí mo ti tọrọ ààyè lẹ́bàá ọjà. Lọ́jọ́ ọjà àkọ́kọ́, kò sẹ́ni tó yà títí oòrùn fi kan àtàrí. Nígbà tó ṣe, ìyá oníṣu kan sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀, ó fi gèlè nu òógùn ojú.

"Ṣé obìnrin lè yìn ín?"

Mo ki ọta bọ ìbọn, mo sì nà án sí i. "Ẹ sé èémí yín, ìyá, kí ẹ tó fà á."