Ìbejì Tó Di Ọmọ Kan Nínú Ẹ̀rọ

Ó ti pẹ́ tí mo ti wà nídìí káàdì ní ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Orè kí dókítà tó ni ibẹ̀ tó sọ pé òun fẹ́ kí gbogbo kọ̀ǹpútà wa máa bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ibi káàdì ní tirẹ̀, ibi àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní tirẹ̀, ilé oògùn ní tirẹ̀, kò sì sí èyí tó mọ ohun tí èkejì ń ṣe. Káàdì páálí ló so wá pọ̀. Aláìsàn á gbé e lọ́wọ́ láti ọ̀dọ̀ mi lọ sọ́dọ̀ dókítà, láti ibẹ̀ lọ sí ilé oògùn.

Àkúrẹ́ ni ọkùnrin tó wá ṣe iṣẹ́ náà ti wá. Ó ní òun kò ní sọ gbogbo kọ̀ǹpútà wa di ẹyọ kan. Kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan máa ṣe iṣẹ́ rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kó la fèrèsé kan sílẹ̀ tí àwọn yòókù á máa gbà bi í ní ìbéèrè. Ilé oògùn á bi ibi káàdì pé, "Ta ni èyí?" Dókítà á bi ibi àyẹ̀wò pé, "Kí lẹ rí nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀?" Irú fèrèsé bẹ́ẹ̀ ló ń pè ní sáfíìsì. Ó ní ẹ̀rọ ló gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé bí a ṣe ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe àwa ni ká máa tẹ̀ lé ẹ̀rọ.

Ọ̀rọ̀ náà dára létí, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ti ń bà mí kó tó dé. Wọ́n ti ń sọ ọ́ kiri pé ẹni tí kọ̀ǹpútà bá lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀ á gbalé lọ. Ilé ẹ̀kọ́ girama nìkan ni mo kà jáde, ta ni yóò tún gbà mí síṣẹ́? Lọ́jọ́ kan, ó jókòó tì mí, ó ṣí ìwé rẹ̀.

"Màmá, kí lẹ fi ń mọ̀ pé aláìsàn kan kì í ṣe ẹlòmíì?"

"Orúkọ bàbá, ọjọ́ ìbí, àti nọ́ńbà fóònù òbí."

"Orúkọ òun fúnra rẹ̀ ńkọ́?"

"Ìyẹn ò ṣeé gbára lé. Lónìí ìyá á pè é ní orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì, lọ́la bàbá á pè é ní oríkì."

Ó rẹ́rìn-ín, ó kọ ọ́ sílẹ̀. "Ṣé ẹni méjì lè ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kan náà?"

"Rárá o."

Mo yára dáhùn kó má baà rò pé n ò mọ iṣẹ́ mi. Èmi ọmọ Yorùbá, tí ìyá mi bí ìbejì tẹ̀ lé mi!

Nígbà tí ètò náà ti ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n ní kí n fi àwọn káàdì àtijọ́ wé ohun tó wà nínú ẹ̀rọ, kí wọ́n lè gbé kọ́bọ́ọ̀dù káàdì kúrò. Ọ̀sán ọjọ́ kan ni ọwọ́ mi kan káàdì méjì tí mo fi rọ́bà dè pọ̀. Ìbejì ni wọ́n, ọkùnrin méjì, ọmọ ọdún mẹ́fà, láti Aráròmí-Obù. Lórí káàdì èyí tó gbẹ̀yìn dé, mo ti fi bírò pupa kọ ọ́ pé pẹnisílìnì lòdì sí i. Mo tẹ orúkọ bàbá wọn sínú ẹ̀rọ. Ọmọ kan ṣoṣo ló jáde: ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bára mu, ẹ̀rọ sì ti fi káàdì èyí tó kọ́kọ́ dé ṣe ti àwọn méjèèjì. Kò sí ìkìlọ̀ kankan.

Àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni ìyá àgbà àwọn ọmọ náà gbé èyí tó gbẹ̀yìn wá, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ wú. Èmi ni mo kí wọn, èmi ni mo tẹ bọ́tìnnì. Ẹ̀rọ sọ fún ilé oògùn pé kò sí ohun tó lòdì sí i, wọ́n sì fún wọn ní amọ́ksílì. Ọmọ ìyá pẹnisílìnì ni.

Mo pe nọ́ńbà ìyá wọn, kò wọlé. Dókítà wà níbi iṣẹ́ abẹ. Mo sọ fún nọ́ọ̀sì kó ṣàlàyé fún un bó bá jáde, mo sì sáré bọ́ sí títì láìmú báàgì, mo dá ọlọ́kadà kan dúró.

"Àǹtí, ọ̀nà Aráròmí ti bàjẹ́ o," ni ọlọ́kadà wí. "Òjò rọ̀ lánàá."

"Ṣáà máa lọ."

Láàárín kòkó ni a ń gbà. Bí a bá yọ sí kọ́nà kan, màá tẹ́tí bóyá màá gbọ́ ẹkún. N kò gbọ́ nǹkan kan, ìdákẹ́jẹ́ yẹn sì ń dá ẹ̀rù bà mí ju ẹkún lọ.

Ìyá àgbà ń bó ẹ̀gẹ́ níwájú ilé. Ó dìde, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ṣé kò sí o, ọmọ mi?"

"Màmá, oògùn tí wọ́n fún yín láàárọ̀, ṣé ẹ ti fún ọmọ?"

"Mo ti fún un. Àwọn méjèèjì ni mo fún. Ta ló ń fún ìbejì kan kó má fún èkejì?"

Ọ̀kan ń lé adìyẹ lẹ́yìn ilé. Èkejì wà lórí ẹní nínú yàrá. Ètè rẹ̀ ti wú, ojú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa dé, èémí rẹ̀ ń dún fíì, fíì. Ìyá àgbà ní òun rò pé ooru ló mú un. Mo gbé e. Ọlọ́kadà bá mi gbé e sáàárín wa.

Bí èémí kan bá jáde, màá dúró de èkejì. Ní ibì kan, ọ̀kadà rì sínú ẹrẹ̀. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo gbé ọmọ náà la ẹrẹ̀ kọjá, bàtà mi kan kù síbẹ̀. N kò lè gbàdúrà. "Jọ̀wọ́, jọ̀wọ́" nìkan ni mo ń wí.

Dókítà ti ń dúró dè wá lẹ́nu ọ̀nà. Ó gún un lábẹ́rẹ́ ní itan, wọ́n sì fi afẹ́fẹ́ sí i nímú. Mo fara ti ògiri, n kò lè jókòó. Nígbà tó ṣe, èémí náà bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀. Ó la ojú kan, ó béèrè pé ibo ni ìkejì òun wà.

Ìyá àgbà dé lórí ọ̀kadà mìíràn, òun àti ìkejì ọmọ náà. Mo kúnlẹ̀. "Màmá, èmi ni mo fà á."

"Ẹ̀rọ yín ò mọ̀ pé méjì ni wọ́n ni?"

"Èmi ni n ò sọ fún un, Màmá."

Kò bú mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń lọ lọ́jọ́ kejì, kò dá mi lóhùn nígbà tí mo kí i.

Dókítà kò lé mi. Ó ránṣẹ́ pe ọkùnrin Àkúrẹ́ padà. Ọkùnrin náà ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ kó tó wọlé. "Màmá, mo bi yín."

"Ẹ bi mí. Ìbẹ̀rù ni ò jẹ́ kí n sọ òótọ́."

Ó ní, "Èmi náà jẹ̀bi. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo bi." Odidi ọ̀sẹ̀ kan ló fi jókòó tì wá, tó ń wo bí a ṣe ń ṣe é. Ó tún ètò náà ṣe: bí ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá bára mu, ẹ̀rọ kò gbọ́dọ̀ dá dáhùn mọ́, àfi kí ènìyàn fọwọ́ sí i. A rí àwọn ìbejì mìíràn tí ẹ̀rọ ti sọ di ẹyọ kan. Èmi ni mo pe àwọn òbí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, n kò sì ní mí kanlẹ̀ títí ẹnì kan á fi gbé fóònù, kó sọ pé dáadáa ni àwọn ọmọ wà.

Mo ṣì wà níbẹ̀ dòní. Bí ilé oògùn bá béèrè pé ta ni èyí, mo máa ń dìde, màá rìn débẹ̀, màá wo ojú aláìsàn náà kí n tó gba ohun tí ẹ̀rọ sọ gbọ́. Àwọn ọ̀dọ́ tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ṣì ń rìn lọ.