Ìwé Pélébé Inú Rédíò Olúdáre

Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì ní lísè kan, bí wọ́n ti ń pe ilé ìwé girama ní èdè Faransé, ní àdúgbò Nyékonakpoè. Ohun kan náà ló ń bí mi nínú láti ọjọ́ yìí wá: ọmọkùnrin ló máa ń di wáyà mú, ọmọbìnrin ló máa ń kọ èsì sílẹ̀. Bí mo bá pín wọn, ìṣẹ́jú méjì kò ní pé tí ọmọbìnrin yóò ti gbé bátìrì fún ọmọkùnrin, tí yóò sì mú bírò. Mo bá wọn wí títí, pàbó. Miriam kò bá ẹnikẹ́ni wí. Irin gbígbóná ló fi lé wọn lọ́wọ́.

Opó Akínwùmí tó ń tún rédíò ṣe ní àdúgbò Kodjoviakopé ni Miriam. Ó jókòó ti ọkọ rẹ̀ nídìí iṣẹ́ náà fún ọdún mọ́kànlá. Nígbà tí ojú ọkọ ń di bàìbàì, ojú Miriam ni wọ́n fi ń wo inú rédíò, ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n fi ń tún un ṣe. Àwọn oníbàárà kò mọ̀. Ọkọ kú ní 1991, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ nínú ṣọ́ọ̀bù náà.

Ní oṣù kọkànlá 1992, ìdaṣẹ́sílẹ̀ gbogbogbòò lòdì sí ìjọba ti ilé ìwé pa. Mo kó ọmọbìnrin márùn-ún lọ bá Miriam, kí ọpọlọ wọn má bàa dípẹtà nílé. Nígbà tí ìbọn dún ní oṣù kìíní, méjì nínú wọn bá òbí wọn sá kọjá ibodè sí Aflao. Mẹ́ta ló kù.

Iná mànàmáná kì í dúró. Nítorí náà, inú ààrò èédú ni Miriam ń ki irin tí wọ́n fi ń yọ́ léèdì láti jó wáyà pọ̀ sí, bí ẹni tó fẹ́ lọ aṣọ. Ọ̀kan á wà lọ́wọ́, ọ̀kan á wà nínú iná.

“Tántì, ó ti jó mi!” Colette, ọmọ Atakpamé, ló pariwo bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kìíní.

“Níbo?”

“Ní ìka!”

“Mẹ́sàn-án ṣì kù. Mú un padà.”

Òfin kan ṣoṣo ni èmi mú wá síbẹ̀. Rédíò tí ẹnikẹ́ni bá tún ṣe, kó lẹ ìwé pélébé mọ́ inú ìdérí rẹ̀: ọjọ́, ohun tó bàjẹ́, ohun tí ó ṣe sí i, orúkọ àti kíláàsì rẹ̀. Tẹniọlá, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta náà, kọ “Mo ti tún un ṣe.” Mo fà á ya. Kí lo tún ṣe? Ta ni “mo”? Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló kọ ọ́ kí n tó gbà á.

“Tíṣà, rédíò ni o,” Miriam ń rẹ́rìn-ín, “kì í ṣe ìdánwò bakaloréà.”

Gbogbo ìlú ló ń wá ìròyìn nígbà náà, iṣẹ́ sì pọ̀. Kùdírátù, ìyàwó Bàṣírù, ń gbé rédíò wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó ní ti àwọn ìbátan òun ni. Ìbátan rẹ̀ mà pọ̀ o! Ọkọ rẹ̀ yìí ni alága ẹgbẹ́ àwọn tó ń tún rédíò ṣe.

Ní àárín oṣù kẹta, Bàṣírù ránṣẹ́ pe Miriam àti àwa tí a wà lọ́dọ̀ rẹ̀ sí ìpàdé. Nínú ẹgbẹ́ wọn, bí ọ̀gá kò bá ti dá ọmọọṣẹ́ sílẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn, kó sì fún un ní ìwé, ìyẹn fíríídọ̀mù, ọmọọṣẹ́ náà kò lè dá ṣọ́ọ̀bù ní. Akínwùmí kò ṣe é fún Miriam. Ta ló ń ṣe fíríídọ̀mù fún ìyàwó rẹ̀?

Àwọn ọkùnrin mẹ́jọ jókòó nínú ṣọ́ọ̀bù Bàṣírù.

“Ìyàwó wa,” ni Bàṣírù wí, “ta ló fún ẹ ní fíríídọ̀mù?”

“Ọkọ mi ló kọ́ mi, ẹ̀gbọ́n.”

“Mi ò bi ẹ́ ní ẹni tó kọ́ ẹ. Ìyàwó mi ń jókòó tì mí nínú mọ́tò, ṣé òun náà ti di dírẹ́bà ni?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín.

“Wá sin ọ̀kan nínú wa fún ọdún mẹ́ta, a ó dá ẹ sílẹ̀. Bí o bá kọ̀, ti ṣọ́ọ̀bù yẹn lọ́la. Kí àwọn ọmọ wọ̀nyí lọ kọ́ aṣọ rírán.”

Mo ya ẹnu láti sọ̀rọ̀. Miriam tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀.

Ibi tí Bàṣírù ti ṣàṣìṣe nìyí. Olúdáre, tó ń kọ́ni ní katikísìmù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, wà níbẹ̀, ó fẹ́ gba rédíò rẹ̀ tó gbé fún Bàṣírù tún ṣe. Bàṣírù gbé rédíò náà sórí tábìlì.

“Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí iṣẹ́ ẹni tó gba fíríídọ̀mù. Ìwọ ọmọ yìí, ṣí i.”

Tẹniọlá gba sikudíráfà, ó yí rédíò náà wò, ó sì dúró.

“Kí lò ń wò?”

“Nọ́ọ̀tì dúdú yìí, sà. Èmi ni mo wá a fi sí i.”

Ó tú u. Olúdáre rí ìwé pélébé náà kí ọwọ́ Bàṣírù tó débẹ̀, ó sì kà á sókè: “Ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta, 1993. Ohùn kò jáde. Wáyà sípíkà já, kapásítọ̀ kan jóná. Mo pààrọ̀ kapásítọ̀, mo jó wáyà padà. Tẹniọlá, Seconde C.” Ó gbójú sókè. “Alága, èwo nínú àwọn ọmọọṣẹ́ yín ló ń jẹ́ Tẹniọlá?”

“Mo kàn fẹ́ ran opó lọ́wọ́ ni,” ni Bàṣírù wí.

“Rárá o,” ni mo wí. “Ẹ pe nǹkan ní orúkọ rẹ̀. Ẹni tó ń fi iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ yangàn, tó tún fẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù tí ọmọ náà ti ṣe é, olè ni.”

Miriam dìde. “Ọdún mọ́kànlá ni mo ti fi sìn, mi ò ní sin ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹ wá ti ṣọ́ọ̀bù náà lọ́la, ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wá kó rédíò yín mẹ́rin tí ìyàwó yín gbé wá síbẹ̀.”

Àwọn ọkùnrin yòókù kọjú sí alága wọn. Ẹ̀rín ti tán lẹ́nu wọn.

Ẹnikẹ́ni kò wá ti ṣọ́ọ̀bù. Ẹnikẹ́ni kò bẹ Miriam pẹ̀lú, wọn kò sì fún un ní fíríídọ̀mù títí di òní. Inú ṣì ń bí mi.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Kùdírátù gbé rédíò méjì wá.

“Bàbá ilé ní kí ẹ má fi ìwé sínú rẹ̀ mọ́.”

Miriam tì wọ́n padà sí i. Kùdírátù wo ojú títì, ó sì tún tì wọ́n síwájú.

“Mo ti jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán mi ná. Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà-gàdàgbà.”

Colette nawọ́ sí bírò. Mo ní kó gbé e sílẹ̀, irin ni kó kọ́kọ́ mú.