Ọbẹ̀ Ẹja Ni, Kì í Ṣe Ìdọ̀tí

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tí mo fi kúrò n'Íbẹ̀ṣẹ̀, kẹ́ẹ̀gì òfìfo lọ́wọ́, inú ń bí mi burúkú. Ẹja àrọ̀ ni mò ń sìn lẹ́yìnkùlé ilé tí mo háyà, ẹyin wọn sì ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Omi aláwọ̀ ewé tí mo fẹ́ fi bọ́ àwọn ọmọ náà wà ní táǹkì, àfi bí baba onílé ṣe fọ̀ ọ́ dànù nígbà tí mo lọ sọ́jà. Wọ́n ní oore làwọn ṣe fún mi. Oore kẹ̀! Bí àwọn ọmọ ẹja ò bá tètè rí jẹ, kíkú ni wọ́n máa kú.

Mo wọ bọ́ọ̀sì Ẹ̀pẹ́ ní gáréèjì Ìkòròdú. Nígbà tí a kọjá Ìtóìkín, kòtò ń jù wá sókè sódò, n ò tilẹ̀ ráhùn.

Alhája Kúdí, àgbà ọlọ́sìn ẹja tí mò ń lọ bá, ní kí n kọ́kọ́ jẹun. Ìkọ́kọrẹ́ ni: ewùrà rírin tí wọ́n sè mọ́ epo àti ẹja ọjà Olúwo. Lọ́dọ̀ wa l'Ọ́ṣun, ọ̀jọ̀jọ̀ là ń fi ewùrà dín. Lẹ́yìn náà, wọ́n ṣí àgbá kan tó kún fún omi aláwọ̀ ewé. Mo ní ìdọ̀tí yìí gan-an ni mo wá gbà.

"Ọbẹ̀ là ń pè é níbí," ni wọ́n wí.

Wọ́n ní ewé ló wà nínú omi náà, ó kàn kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ ni. Kòkòrò inú omi ń jẹ ẹ́, ọmọ ẹja ń jẹ kòkòrò. Irú kan tilẹ̀ wà tí wọ́n ń sá, tí wọ́n ń lọ̀, tí èèyàn ń jẹ. Wọ́n bu omi náà kún kẹ́ẹ̀gì mi, tòun ti kòkòrò ẹ̀.

Awakọ̀ tí mo bá padà ní òun ò ní gbé omi rírùn. Mo sanwó ìjókòó fún kẹ́ẹ̀gì, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé bí èrò.

Nígbà tí mo délé, baba onílé dúró ti táǹkì, búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́.

"Ìdọ̀tí yẹn lo tún rù dé?"

"Baba, ọbẹ̀ ni. Ta ní í fọ ìkòkò tí ọbẹ̀ ṣì wà nínú ẹ̀?"

Mo da ìdajì sínú abọ́ àwọn ọmọ ẹja níṣojú Baba. Àwọn tó ti rì sísàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ta kiri, ẹnu wọn ń ṣí. Mo da ìyókù sí táǹkì, kó lè tún pọ̀ sí i.

Orúkọ tí èèyàn bá pe oúnjẹ ẹ̀ ni ará ilé máa bá a pè é. Mo ti fi àgádágodo sí táǹkì mi. Kí Baba fi búrọ́ọ̀ṣì wọn fọ ilé ìwẹ̀. Ìyẹn gan-an ló dọ̀tí.