Ogun Kànáfùrù ní Agége

Mo rántí òórùn kànáfùrù tó gba gbogbo kíláàsì wa kan ní Agége, láyé àwọn sójà, nígbà tí SAP, ètò ọrọ̀-ajé ìjọba wọn, ti sọ ìwé-ẹ̀rí yunifásítì mi di ohun tí mo fi ń lé eṣinṣin. Ọ̀sán Sátidé ni mo ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ Ìkẹjà ní ìtàn, wọn ò sì tíì gbà mí síṣẹ́ pátápátá. Wọ́n ní alábẹ̀wò kan ń bọ̀. Bí ẹ̀kọ́ mi bá wù ú, mo níṣẹ́. Bí kò bá wù ú, kí n máa lọ sílé.

Èmi ọ̀mọ̀wé bá ní ká fi ṣeré, bí òyìnbó Potogí àti òyìnbó Hólándì ṣe fi ọkọ̀ ojú omi jà nítorí erékùṣù tí kànáfùrù ti ń hù. A fi ṣọ́ọ̀kì kun ilẹ̀, òkun nìyẹn. A gbé àpò kànáfùrù kan sáàárín, erékùṣù nìyẹn. Ọmọlanke búrẹ́dì méjì di ọkọ̀ ogun. Fọ́máànù kan tóhùn rẹ̀ ń dún bí ẹ̀rọ ni mo fi ṣe ọ̀gágun Potogí. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀ gan-an ni mo fi ṣe Hólándì, ẹni tó yẹ kó borí. Gbogbo ìwé tí mo kà, kò sí èyí tó kìlọ̀ fún mi.

Lọ́jọ́ náà, alábẹ̀wò, bàbá àgbàlagbà ará Èkìtì kan, jókòó níwájú. Hólándì gbé igi tá a fi ṣe ìbọn sókè, ojú òun àti ọ̀gá rẹ̀ ṣe mẹ́rin, ló bá gbé e sílẹ̀.

"Yìnbọn jàre!" làwọn ará kíláàsì ń pariwo.

"Kí n yìnbọn fún ọ̀gá mi? Ṣé ẹ̀yin lẹ máa wáṣẹ́ míì fún mi ní Mọ́ńdè?"

Ó sọ̀ kalẹ̀ sínú òkun, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ káàsán sà. Ẹ má bínú sà, wọ́n ní kí n wá gba erékùṣù yín."

"Ta ló rán ẹ?"

"Tíṣà ni sà."

Fọ́máànù wò mí bí ẹni rí olè. "Dìde. Màá kọ́kọ́ bu tèmi, kó o wá kó èyí tó bá kù."

Bí ogun ṣe parí nìyẹn. Mo ń ṣẹ́jú sí wọn títí ojú fi ń ta mí. Àpò kànáfùrù ni wọ́n ń pín.

Alábẹ̀wò dìde, omi ti lé lójú rẹ̀. "Tíṣà, òyìnbó lẹ́kọ̀ọ́ ilé tó báyìí? Ṣé bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyẹn?"

Ta ló máa já irú àgbà bẹ́ẹ̀ nírọ́ lójú àwùjọ? Mo rántí ìwé tí mo fọdún mẹ́rin kà. Mo tún rántí gààrí. Èmi náà bá dọ̀bálẹ̀.

"Bó ṣe ṣẹlẹ̀ gẹ́lẹ́ nìyẹn, sà."

Wọ́n gbà mí síṣẹ́. Wọ́n ní bí ọ̀rọ̀ àgbà ò bá ṣẹ láàárọ̀, á ṣẹ lálẹ́. Irun mi ti funfun, mo ṣì ń retí alẹ́ tí ọ̀rọ̀ bàbá yẹn, pé òyìnbó lẹ́kọ̀ọ́ ilé, máa ṣẹ. Láìpẹ́ yìí ni mo pàdé Hólándì, òun náà ti di bàbá ọlọ́mọ. Ó ní òun fi ìtàn yẹn kọ́ ọmọ òun, wọ́n sì fún un ní òdo nílé-ìwé.

Mo ní kó má bínú, àwọn tíṣà òde òní ò kàwé mọ́.