Wákàtí Mọ́kànlá Láti Èkó sí Niú Yọ́ọ̀kì

Wọ́n ti fi okùn di àpótí Alhaja Ràbíátù kí n tó mọ̀ pé mo ti ṣi ìrìn àjò wọn kà.

Ṣọ́ọ̀bù tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfúrufú kan lẹ́bàá Ọjà'ba ni mo ti ń bá Ọ̀gá Múfú ṣiṣẹ́. Èmi ni mo máa ń ka tíkẹ́ẹ̀tì fún oníbàárà. N kò kàwé púpọ̀, ojú sì máa ń tì mí, nítorí náà mo máa ń kà á wéréwéré kí wọ́n lè tètè lọ.

Ọ̀dọ̀ Lúkúmọ̀nù ọmọ wọn ní Niú Yọ́ọ̀kì ni Alhaja ń lọ. Wọ́n bi mí pé wákàtí mélòó ni àwọn máa lò lókè. Mo wo ìwé: ọkọ̀ á gbéra l'Ékòó ní aago mọ́kànlá àárọ̀, á balẹ̀ ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Mo fi ìka kà á.

"Wákàtí mẹ́fà ni, mà."

"Alihamudulilai! Aago méje alẹ́ ni mo máa ń gún abẹ́rẹ́ àtọ̀gbẹ mi. Mo ti délé ọmọ mi nígbà yẹn. Kó yáa wà nínú àpótí ńlá."

Nígbà tó ku ọ̀la kí wọ́n lọ, Ọ̀gá gbọ́ tí mò ń sọ wákàtí mẹ́fà yẹn fún ẹlòmíràn.

"Ta ló kọ́ ẹ? Aago Èkó ni wọ́n fi kọ ìgbà tó máa gbéra, aago tọ̀hún ni wọ́n fi kọ ìgbà tó máa balẹ̀! Tiwọn fi wákàtí márùn-ún wà lẹ́yìn tiwa. Wákàtí mọ́kànlá ni! Ọ̀nà tó tó kéèyàn ti Ìbàdàn níbí lọ Ìlọrin kó padà bọ̀ ní ìgbà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ṣé wákàtí mẹ́fà ni wọ́n máa fi dé ibẹ̀?"

Fóònù Alhaja kò lọ. Mo gun ọ̀kadà, ó di ilé wọn ní Bẹ̀yẹrúnkà.

Ẹbí kún agboolé. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kí ìrun Alaasari tán ni. Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí náà, mo di okùn rẹ̀ mú.

Baba Káfáyà, àbúrò Alhaja, rẹ́rìn-ín. "Àbí ìwọ náà fẹ́ bá wọn dé Amẹ́ríkà?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ká ní ọjọ́ mìíràn ni, ǹ bá ti sá lọ.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tú àpótí yẹn. Èmi ni mo ṣì í kà. Wákàtí mọ́kànlá ni. Aago méje máa bá Alhaja lójú òfúrufú, abẹ́rẹ́ wọn á sì wà nísàlẹ̀ ọkọ̀ níbi tí ọwọ́ wọn ò ti ní tó o."

"Ṣé àwa ò mọ ìṣirò ni?" Baba Káfáyà na tíkẹ́ẹ̀tì sí mi lójú. "Mọ́kànlá sí márùn-ún!"

"Baba, ẹ pe Bọ̀dá Lúkúmọ̀nù. Ẹ bi wọ́n pé kí laago wí."

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ti kọjá díẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Wọ́n pè é, wọ́n sì ṣí fóònù náà sókè kí gbogbo wa lè gbọ́.

"Aago mọ́kànlá àárọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ lù. Mo wà níbi iṣẹ́. Ṣé kò sí o?"

Baba Káfáyà wo aago ọwọ́ wọn, wọ́n tún wo tíkẹ́ẹ̀tì.

"Ẹ tú u," ni Alhaja wí.

Okùn yẹn le débi pé eyín ni Baba Káfáyà fi tú u. Abẹ́rẹ́ àti ìwé dókítà bọ́ sínú báàgì ọwọ́. Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú Alhaja sọ lórí fóònù pé aago Ìbàdàn ni kí wọ́n fi gún tọjọ́ náà, ni mo bá bẹ Alhaja kí wọ́n má yí aago ọwọ́ wọn padà.

Nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀, èmi ni wọ́n pè tẹ̀lé ọmọ wọn.

"Aago méje lù, mo gún un, mo jẹun. Oòrùn ṣì ń ràn lójú fèrèsé bí ọ̀sán gangan!"

Láti ìgbà náà, n kì í jẹ́ kí oníbàárà dìde kí n tó bi í pé oògùn wo ló ń lò, àti pé ìgbà wo ló ń lò ó. Ojú ṣì ń tì mí. Mò ń bi wọ́n náà ni.