Ọkọ Tó Sùn sí Ilé Ìgbẹ̀bí

Òórùn èèpo ọsàn ni ó máa ń jí mi ní Fìdítì nígbà tí mo wà ní kíláàsì kẹrin. Kí oòrùn tó yọ, Ìyàwó á ti jókòó sí ẹ̀yìn ilé, á ti máa fi abẹ bó ọsàn, èèpo á máa já bọ́ sínú apẹ̀rẹ̀ bí okùn gígùn, omi rẹ̀ á sì máa ta sí ojú ẹni tó bá ń kọjá lọ fọ ẹnu. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà láyé ìgbà yẹn kò ní ṣàì rántí: bí ọyẹ́ bá mú, òórùn yẹn a máa ta ènìyàn nímú bí abẹ́rẹ́.

Ìyàwó tí mo ń wí yìí, Sìfáwù ni orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́ ní ìlú Ìmíní. Lásísì, àbúrò bàbá mi tó ń ṣe bíríkìlà, ló fẹ́ ẹ. Nínú ilé wa, kò sẹ́ni tó ń pè é ní nǹkan míràn ju Ìyàwó lọ, èmi ọmọ ọdún mẹ́wàá pàápàá. Òun náà kò sì gbọdọ̀ pe ẹnikẹ́ni nílé lórúkọ. Gbogbo ẹni tí wọ́n ti bí sínú ilé kí ó tó wọlé, ọkọ rẹ̀ ni wọ́n, àtọkùnrin àtobìnrin, àtẹni tí kò tíì lè nu imú ara rẹ̀. Ó wá fún olúkúlùkù lórúkọ tirẹ̀. Àǹtí Àlímọ̀, àbúrò bàbá mi obìnrin, ni Ìbàdíàrán. Èmi Ràímì, mo ti já lórí igi ọsàn, eyín iwájú mi méjì sì ti kán. Ó yẹ ẹnu mi wò, ó ní Eyínfúnjowó ni mí. Mo gbà pé ó ń yẹ́ mi sí ni. Mo ti ń hu irùngbọ̀n kí n tó mọ̀ pé yẹ̀yẹ́ ló ń fi mí ṣe.

Etí títì ni Ìyàwó ti ń ta ọsàn. Mọ́tò tó ń ti Ìbàdàn bọ̀, tó ń lọ Ọ̀yọ́, á dẹwọ́ eré, kò ní dúró tán, àwọn obìnrin á gbé atẹ sórí, wọ́n á máa sáré tẹ̀lé fèrèsé rẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ọ̀kan nínú àwọn mọ́tò náà fi ẹ̀gbẹ́ gbá atẹ lórí Ìyàwó. Ọsàn fọ́n ká títì, òun náà fi orúnkún gbálẹ̀. Nígbà tó délé, tó ń wẹ ẹ̀jẹ̀ orúnkún, ó wò mí, ó ní, “Eyínfúnjowó ọkọ mi, n ò ní kú sójú títì nítorí ọsàn.”

Ọ̀nà kan ló là. Ilé ìgbẹ̀bí ìlú ń wá obìnrin kan tí yóò máa fọ aṣọ, tí yóò máa gbé abọ́, tí wọn yóò máa rán níṣẹ́ láti ibùsùn dé ibùsùn. Ṣùgbọ́n ará òkèèrè ni nọ́ọ̀sì àgbà ibẹ̀, kò gbọ́ Yorùbá kọjá “ẹ kú iṣẹ́.” Ó ti sọ pé ẹni tí òun yóò gbà gbọ́dọ̀ lè fi gẹ̀ẹ́sì sọ ibi tí nǹkan wà àti ẹni tó ni ín, kí wọ́n má baà gbé oògùn ìyá Sùlè fún ìyá Jímọ̀.

Kí sì ni Tíṣà Adéjùmọ̀ ń kọ́ wa ní kíláàsì kẹrin lásìkò náà bí kò ṣe èyí gan-an? Á gbé fìlà rẹ̀ sórí àga, a ó ké: “The cap is on the teacher's chair!” Á ti pàṣán bọ abẹ́ tábìlì, a ó ké: “The cane is under the teacher's table!” Orí, abẹ́, inú, ẹ̀yìn ni a óò kọ́kọ́ mú, ẹni tó ni nǹkan á tẹ̀lé e, “ẹ́ẹ̀sì” kékeré kan á bà lé e nídìí bí eṣinṣin, nǹkan náà á wá gbẹ̀yìn. Ní tiwa, àga tíṣà ni. Ní ti òyìnbó, tíṣà ló ń ṣáájú àga. Rábíù ọmọ alápatà ní òyìnbó kò gbọ́n. “Ẹni tó bá gbé ẹrù rẹ̀ sẹ́yìn ara rẹ̀, ṣe bí olè ni yóò jí i?” Pàṣán ni èsì tó gbà.

Báyìí ni mo ṣe di tíṣà Ìyàwó. Lọ́sàn-án, bí mo bá ti jẹun tán, mà á já ẹ̀ka gúáfà ṣe pàṣán, mà á jókòó sórí àpótí lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, òun á jókòó sílẹ̀ níwájú mi. Bàbá mi rí wa, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́. “Ràímì, bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà o.” Mo gbé ẹ̀ka gúáfà mi sókè. Tíṣà kì í bá ará ilé sọ̀rọ̀ lẹ́nu iṣẹ́.

Ìyàwó lórí pípé. Kò pẹ́ rárá tó fi mọ “on” àti “under” àti “behind” jù mí lọ. Orúkọ ni wàhálà. Mo gbé fìlà Lásísì sórí àga bàbá mi, mo ní kó sọ ọ́. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ní, “My husband's cap is on my husband's chair.”

“Ọkọ wo? Ṣé Lásísì ò lórúkọ ni?”

“Tíṣà mi, ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n lé mi nílé yín ni?”

Ìyá Àgbà, ìyá bàbá mi, tí a rò pé ó ti sùn lọ lórí ẹní, gbóhùn sókè láì la ojú: “Ìyàwó tó bá ti ń pe ọkọ lórúkọ lójúmọmọ, kí ló kù tí yóò máa pè é lóru? Kì í ṣe òyìnbó ló fẹ́ ẹ sílé yìí.”

Ó parí. Láti ọjọ́ náà, gbogbo ilé wa di ọkọ ní gẹ̀ẹ́sì. Abọ́ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ọkọ, adìyẹ wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọkọ, ìwé ọkọ kékeré wà nínú àpò ọkọ ńlá. Tíṣà Adéjùmọ̀ kọjá lọ́jọ́ kan, ó dúró gbọ́ ọ, ó mi orí. Ó ní gẹ̀ẹ́sì náà gún régé, kò sí ibi tó wọ́. “Ṣùgbọ́n kò ní ríṣẹ́ gbà. Nọ́ọ̀sì á ní orí rẹ̀ dàrú.” N ò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà, nítorí mo mọ̀ pé bí wọn ò bá gbà á, títì ló ń padà sí.

Ọjọ́ ìdánwò pé. Obìnrin méjì míràn wá, tí àwọn náà ń fẹ́ iṣẹ́. Èmi dúró lójú fèrèsé, mo di irin rẹ̀ mú. Ta ni mo rí lórí ibùsùn tó wà létí fèrèsé náà? Àǹtí Àlímọ̀ ni. Wọ́n ti gbé e wá láti ilé ọkọ rẹ̀ ní Ìlọrà, ikùn rẹ̀ ga bí òkìtì ọ̀gán. Nọ́ọ̀sì bá fi ẹsẹ̀ ti abọ́ ńlá kan bọ abẹ́ ibùsùn rẹ̀ gan-an, ó kọjú sí Ìyàwó: “Where is the basin?”

Ìyàwó wo abọ́, ó wo Àǹtí Àlímọ̀. Àǹtí Àlímọ̀ rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Obìnrin tí ẹnu rẹ̀ mú jù fún àwọn ìyàwó ilé wa nìyẹn o, ṣùgbọ́n ó gbé orí sókè, ó ní, “Pè mí lórúkọ, jàre. Mo yọ̀ǹda ẹ. Iṣẹ́ ni.”

“Pè é!” Èmi ni mo pariwo lójú fèrèsé. “Àlímọ̀! Sọ pé Àlímọ̀!”

Ìyàwó la ẹnu. Mo rí ètè rẹ̀ tó ṣí fún orúkọ náà. Ọ̀fun rẹ̀ sì gbé e mì. Ó na ara rẹ̀ ró ṣánṣán. “The basin is under my husband's bed.”

Nọ́ọ̀sì wo abẹ́ ibùsùn. Ó wo orí ibùsùn. Ó wo ikùn.

“This is your husband?”

“Yes, ma.”

“This one?”

“Yes, ma. And that one for window.” Ó nawọ́ sí mi. Mo yín eyín sí nọ́ọ̀sì kó lè mọ̀ pé ọmọlúàbí ni mí, ibi tí eyín kò sí ló sì rí.

Ni Àǹtí Àlímọ̀, tó ti gbé aṣọ tà dé ọjà Ìbàdàn, bá gbọ́wọ́ lé àyà: “Na true, Sísítà. Na me be the husband. And I no dey give am chop money!”

Ó bú sẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì náà bú sẹ́rìn-ín, ó di ògiri mú. Ẹ̀rín ni Àǹtí Àlímọ̀ ń rín lọ́wọ́ tí omi ọmọ fi tú, tí ibùsùn fi rin gbingbin, tí ẹ̀rín fi di igbe. Nọ́ọ̀sì ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó pariwo láì wẹ̀yìn: “Bring the basin from under your husband's bed!”

Àwọn obìnrin méjì yẹn ń wojú ara wọn. Ìyàwó ti gbé e dé. Wọ́n ní kó mú aṣọ tó wà lẹ́yìn ọkọ, omi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ. Kò ṣi ọ̀kan mú. Ẹnìkan wá fi ìgbálẹ̀ lé mi kúrò lójú fèrèsé, nítorí náà ìta ni mo ti gbọ́ igbe ọmọ. Kí ilẹ̀ tó ṣú, Ìyàwó ti níṣẹ́. Kò tún sáré tẹ̀lé mọ́tò mọ́ láyé rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bí náà, Mùtíù, ó dé lẹ́yìn ìyàwó, ó sì ṣeé pè lórúkọ. Ìyàwó pe orúkọ ọmọ yẹn títí ó fi sú wa.

Èmi kò ká ìwé kọjá kíláàsì kẹfà. Iṣẹ́ télọ̀ ni mo kọ́, gẹ̀ẹ́sì mi sì dúró síbi tí ẹ bá a yìí. Lásísì ti lọ, Àǹtí Àlímọ̀ ti lọ, Tíṣà Adéjùmọ̀ àti Rábíù alárìíwísí ti lọ. Nínú òjò tó kọjá yìí ni a sin Ìyàwó. Títí ó fi dákẹ́, tí mo jókòó tì í, kò pè mí lórúkọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo lọ gba oògùn ojú ní ilé ìwòsàn kan ní Ọ̀yọ́. Ọmọbìnrin kan, ẹgbẹ́ ọmọ-ọmọ mi, yọ orí lójú fèrèsé, kò fi Bàbá sí i, kò fi Alàgbà sí i: “Ràímì! Ràímì Àlàbí!” Nígbà tí mo wà ní kíláàsì kẹrin, mo rò pé ẹni tí kò bá lè pe orúkọ ènìyàn kò tíì mọ̀ ọ́n ni. Ọmọ yìí pe tèmi ní àpètán. Mo dìde níwájú rẹ̀, ó sì ń wò mí kọjá, ó ń wá ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.