Táìmùsì Tébù Tí A Fi Ń Wọn Kọ̀ǹpútà Bàbá Mi

Lánàá, mo ń fọ aṣọ lọ́wọ́, ọmọbìnrin mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń ka táìmùsì tébù bí ẹni tí ajá ń lé. Tíṣà rẹ̀ ló sọ pé kò yára. Mo dáwọ́ dúró. Ó dà bíi pé mo tún ń gbọ́ òórùn eruku gbígbóná, òórùn kọ̀ǹpútà bàbá mi, nínú yàrá wa ní Sango.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ò mọ ìgbà Sáàpù, ètò ìfúnlọ́rùn owó tí ìjọba gbé dé, tí bàbá ọlọ́mọ á jí lọ síbi iṣẹ́, tí á bá kọ́kọ́rọ́ lẹ́nu géètì. Iléeṣẹ́ aṣọ tí bàbá mi ti ń tún iná ṣe ní Ọ̀tà ní kí wọ́n máa lọ ilé. Àpò ìrẹsì kan ni wọ́n gbé dé, ẹ̀yà kọ̀ǹpútà tí ọ́fíìsì fẹ́ dà nù ló kún inú rẹ̀. Wọ́n tò ó pọ̀ títí ó fi tan iná. Ìdérí rẹ̀ ò bá a mu, àkísà ìró màmá mi la fi ń bò ó.

Taipísì ni màmá mi. Ọ̀gá iléèwé kan ní Ìjù ti ṣèlérí pé àwa ni òun máa gbé ìbéèrè ìdánwò fún láti tẹ̀, bí ẹ̀rọ náà ò bá ní fi àkókò òun ṣòfò. Ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n ń bọ̀ wá wò ó. Ibẹ̀ ni gbogbo ìrètí wa wà.

Bàbá mi ti fi aago ọwọ́ wọn pààrọ̀ mẹ́mọ́rì, irin pẹlẹbẹ tó máa ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà yára. Ni wọ́n bá sọ èmi di aago. Ẹ̀rọ á máa to orúkọ àwọn ọmọ ìjọ wa ní A, B, D. Èmi á máa ka táìmùsì tébù láti orí tuu. Ibi tí mo bá dé nígbà tó bá parí ni òṣùwọ̀n wa.

Lákọ̀ọ́kọ́, mo dé orí fáìfù. Bàbá mi gbọn eruku inú rẹ̀, mo dé sísì. Wọ́n ki mẹ́mọ́rì bọ̀ ọ́, mo dé séfùn.

"Ó tún ń falẹ̀ sí i." Bàbá mi mú sukurudíráífà. "N ó tú u palẹ̀, kí n lọ máa bá wọn po kankéré."

Màmá mi ń ṣa ẹ̀wà, wọ́n rẹ́rìn-ín títí ẹ̀wà fi dà nù. "Olówó orí mi, kọ̀ǹpútà yín ò ṣẹ̀. Ọmọ yín ló ń sáré. Ẹ ò gbọ́ bó ṣe ń gbé e mì bí ẹ̀kọ gbígbóná?"

Bàbá mi yíjú sí mi. "Ta ló ń lé ẹ?"

"Mo rò pé bí mo bá yára, òun náà á yára ni, sà."

Màmá mi lọ yá aago tábìlì ará ilé kejì. Bàbá mi yọ mẹ́mọ́rì náà, wọ́n fi aago wọn ẹ̀rọ. Wọ́n dá a padà, wọ́n tún wọ̀n ọ́n. Ó ti yára gidigidi. Lọ́jọ́ Jímọ̀, ọ̀gá iléèwé ò tíì mu omi wọn tán tí orúkọ fi tò tán. Iṣẹ́ yẹn ló gbé mi jáde ìwé mẹ́wàá.

Iléeṣẹ́ aṣọ náà ti di ibi ìkẹ́rùsí báyìí, fóònù ọwọ́ mi sì yára ju kọ̀ǹpútà wa lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n mo dúpẹ́ pé ilé tí wọ́n ti ń yẹ òṣùwọ̀n wò kí wọ́n tó tú nǹkan palẹ̀ ni wọ́n bí mi sí.

Mo nu ọwọ́ mi, mo jókòó ti ọmọ mi. Mo ní kó rọra kà á, pé kò sí kọ̀ǹpútà kankan tó ń dúró dè é. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ láti orí tuu.